Ta ni yóò bá mi ka ìtàn àròsọ mi, tí kò ní wojú mi?

Ọmọ Aláró:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti kọ ìtàn àròsọ kan parí, àtúnkọ rẹ̀ ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí. Abẹ́òkúta ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí ní 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, títí Aláké fi fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Àṣàbí, aláró kan ní Ìtòkú, ni ìtàn náà dá lé lórí.

Wàhálà mi ni pé gbogbo ẹni tí mo fún kà ló ń kí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dùn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo sanwó fún olótùú kan, àmì ohùn ló bá mi tò, kò sọ ohunkóhun nípa ìtàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi náà mọ̀ pé láti orí kẹfà ni ìtàn yìí ti ń wọ́lẹ̀, mi ò kàn mọ ohun tó fà á. Níbo lẹ ti ń rí ẹni tó máa kàwé yín, tó máa sọ òótọ́ ibẹ̀? Ìpínrọ̀ kan rèé látinú orí kẹfà:

"Àṣàbí ri aṣọ bọ ìkòkò aró. Nígbà tó máa fi fà á yọ, ó ti dúdú minimini. Ó sá a sórí okùn, inú rẹ̀ sì dùn, ó gbàgbé gbogbo ohun tí àwọn agbowó-orí ṣe fún un láàárọ̀."

Ìyá Ẹlẹ́kọ:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Aṣọ kì í dúdú nínú ìkòkò o. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, aró ẹ̀lú gidi, èyí tí a fi omi eérú ṣe. Bí aṣọ bá jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ní, ewé tó fẹ́ máa pọ́n. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aláwọ̀ aró lójú rẹ níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. A ó tún rì í, a ó tún fà á yọ, a ó tún jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kó tó dúdú bí o ṣe fẹ́ yẹn. Bó bá sì jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún tí a fi ìyẹ́ adìyẹ kọ sí i lára ò gbọdọ̀ bó kí iṣẹ́ tó parí, nítorí náà ọwọ́ ẹ̀rọ̀ la fi ń mú un.

Ìwọ wá ní inú Àṣàbí dùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Ìdúró yẹn gan-an lo fò. Obìnrin tí agbowó-orí ṣẹ̀ṣẹ̀ fìyà jẹ, tó dúró ti aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ò tíì dá, kí ló ń rò? Ohun tí mo fẹ́ kà nìyẹn.

Wá àwọn ìyá àgbà ní Ìtòkú tó ṣì mọ aró ẹ̀lú. Má gbé ìwé fún wọn. Kà á sí wọn létí, ní kí wọ́n dá ẹ dúró níbi tó bá ti parọ́.

Olùkọ́ Yorùbá:
Ìyá ti sọ ti aró tán. Tèmi ni pé kí ẹ ya àwọn òǹkàwé yín sọ́tọ̀. Ẹni tó mọ àmì í fi sí lè má mọ ibi tí ìtàn ti ń rọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ fún un ní ojú ewé mélòó kan, kẹ́ ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ẹ wá olùkọ́ kan nínú Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ Yorùbá. Iṣẹ́ wa ni láti sọ fún ọmọ pé ohun tó kọ ò tíì dára.

Ẹ má sì bi òǹkàwé pé ṣé ó dùn. Ẹ bi í pé: níbo lo ti gbé e sílẹ̀ lọ jẹun? Ta lo gbàgbé pé ó wà nínú ìtàn? Bó bá ń dáhùn, ẹ dákẹ́, ẹ má ṣàlàyé. Bí ẹni mẹ́ta bá kọsẹ̀ níbì kan náà, ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kódà bí ìdí tí kálukú wọn sọ ò bá dọ́gba.

Akàwé Alẹ́:
Ẹ rántí I. B. Thomas. Ní 1929, inú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ló ti ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà gan-an ló ń kọ lẹ́tà, àwọn òǹkàwé sì ń kọ̀wé padà kí ìtàn tó parí. Ẹ ṣe tiyín lórí WhatsApp. Ẹ ka orí kan, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí èèyàn díẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí kò lè ka Yorùbá alámì ló ń gbọ́ ọ ketekete. Ẹni tí kò bá béèrè orí tó kàn ti dá yín lóhùn.

Olùkọ́ Yorùbá:
Mo fara mọ́ ọn, bó bá jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ má gbé odindi ìwé síta.

Ọmọ Aláró:
Ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ìbéèrè yín nípa ohun tí Àṣàbí ń rò ló ṣí orí kẹfà fún mi. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró yẹn ló yẹ kó ti bínú, kó tó bá àwọn obìnrin lọ sí ààfin ní orí keje. Mo ń gbé e lọ sí Ìtòkú, màá sì ka orí náà sórí fóònù fún àwọn méjì tí mo mọ̀ pé wọn ò ní pọ́n mi lé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kọ tiyín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀, orí kan fún orí kan. Mo ń ka Yorùbá alámì dáadáa, mo sì mọ Abẹ́òkúta àtijọ́ díẹ̀, bí ìtàn yín bá dé ibẹ̀.