Wọ́n mú ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ òkèèrè: ṣé ẹ̀wọ̀n ni àbí owó ìtanràn?

Gwarinpa_01
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tó ń báni wá iṣẹ́ sínú ọkọ̀ apẹja òkèèrè máa ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ wa pé "owó ìtanràn lásán ni, ẹnìkan kì í ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹja." Ṣé òótọ́ ni?

Lọ́yà Wuse
Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yẹn ló sì léwu. Ibi tí wọ́n ti mú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Láti etíkun dé máìlì òkun 12, òfin ìlú yẹn ló ń ṣe é; bí òfin wọn bá ní ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n ni. Láti 12 dé 200, àwọn ló ṣì ni ẹja ibẹ̀, ṣùgbọ́n abala 73 nínú Àdéhùn Òfin Òkun ọdún 1982 kò gba ẹ̀wọ̀n nítorí ẹja, àfi tí ìlú méjèèjì bá ti jọ fọwọ́ sí i. Ó ka nínà léèwọ̀ pẹ̀lú. Owó ìtanràn ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ digbí, wọ́n sì lè gba ọkọ̀, àwọ̀n àti ẹja.

Wọ́n gbọ́dọ̀ tètè tú ọkọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ti san owó ìdúró tó mọ níwọ̀n. Bí wọn ò bá tú wọn sílẹ̀, tí ọjọ́ 10 sì kọjá láìfẹnu kò sórí ilé ẹjọ́ kan, ìlú tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀ lè gba ilé ẹjọ́ òkun ní Hamburg lọ. Ẹ ṣàkíyèsí: ìlú tó ni àsíá ni o. Ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ọkọ̀ Ṣáínà, Ṣáínà ló lè pe ẹjọ́ yẹn.

Kubwa Elépo
Lọ́dún 2002, Ọsirélíà béèrè owó ìdúró dọ́là wọn 3,332,500 lórí ọkọ̀ Rọ́ṣíà kan, Volga. Hamburg gé e sí 1,920,000. Ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀: ní 2007, kí Hamburg tó dá ẹjọ́ ọkọ̀ Jàpáánù kan, Tomimaru, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Rọ́ṣíà ti fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ ti di ti ìjọba. Ẹjọ́ parí síbẹ̀.

Ohun tó sì máa ń kó wọn sí wàhálà ni àwọ̀n. Nàìjíríà ní kí ihò ìdí àwọ̀n má kéré sí mìlímítà 76 fún ẹja, 44 fún edé. Àwọn kan á wá fi àwọ̀n wínníwínní tẹ́ inú èyí tó bófin mu. Ẹni tó bá fà á le, tó ki irin ìwọ̀n bọ ihò rẹ̀, yóò rí i lójú ẹsẹ̀.

Maiduguri_Oníṣòwò
Adágún Chad kì í ṣe òkun o. Abala 73 kò dé ibẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ti fi Darak, abúlé kan ní Adágún Chad, fún Kamẹrúùnù láti 10 October 2002, nítorí náà òfin Kamẹrúùnù ni wọ́n máa fi dájọ́ ẹni tó bá dẹ àwọ̀n níbẹ̀. Tí wọ́n bá mú ọmọ wa, kó béèrè aṣojú ìjọba Nàìjíríà lójú ẹsẹ̀; àdéhùn Vienna ọdún 1963 fún un lẹ́tọ̀ọ́ yẹn. Kó má sì buwọ́ lu ìwé Faransé tí kò yé e.

Gwarinpa_01
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Kí ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ wò kó tó wọkọ̀?

Lọ́yà Wuse
Ìdí ọkọ̀. Orúkọ rẹ̀ àti èbúté tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Kó ya fọ́tò rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sílé kí ọkọ̀ tó ṣí.