Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìpanu tí mo fi ránṣẹ́: róbó dé Jámánì, wàrà kò lọ

Ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bí n óò ṣe fi róbó, àádùn àti wàrà ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí ọ̀rẹ́ mi ní Lübeck, ní Jámánì, mo dúpẹ́. Àbọ̀ rẹ̀ nìyí.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n fún òróró inú ẹ̀gúsí náà dáadáa kí n tó dín róbó, kí n sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó kó o sínú ike. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ṣì ń ró kàkà lẹ́nu òun.

Àádùn kò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Epo pupa la bébà àti ọ̀rá méjì kọjá, ó sì pa lẹ́tà tí mo kọ láró bí osùn. Adùn rẹ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan nìkan ni n óò máa fi ránṣẹ́ báyìí, kí òun fúnra rẹ̀ fi epo àti ata pò ó.

Wàrà kò ṣeé ṣe rárá, nítorí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí a fi ohun tí a fi mílíìkì ṣe ránṣẹ́ wọlé láti Nàìjíríà. Èyí tí mo ti rà, a dín in jẹ nílé. Ẹnikẹ́ni kò sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi náà fi marzipan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n ń fi èso almond lílọ̀ àti ṣúgà ṣe, tí ìlú wọn lókìkí fún. Ṣokoléètì tí wọ́n fi bò ó yọ́ mọ́ bébà rẹ̀. Màmá mi ní ó ti dùn jù, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n jẹ ẹyọ tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ooru yìí ló kù. A ti fẹnu kò pé ìgbà ọyẹ́ ni kí tirẹ̀ máa wá.