Àbọ̀ lórí gìtá inú kọ̀ǹpútà mi tó ń dún bí ẹ̀rọ: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú

Ẹ̀yin ará, láti Kàbà náà ni o. Mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí gìtá tí mo ń fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ fún orin ẹgbẹ́ akọrin wa fi ń dún gbà-gbà-gbà bí ẹni ń kan ìṣó.

Ẹni tó ní kí n wo round robin (kí ìró oríṣiríṣi máa gbapò ara wọn bí a bá ń tẹ nóòtù kan náà léraléra) ló mọ̀ ọ́n. Sáńpù (ìró gìtá gidi tí a gbà sílẹ̀) kan ṣoṣo ni mo ní fún nóòtù kọ̀ọ̀kan. Mo wá èyí tó ní mẹ́rin mẹ́rin tó ń pààrọ̀ ara wọn, ìró ìṣó náà sì pòórá. Gbogbo velocity mi (bí a ṣe tẹ nóòtù lágbára tó; 127 ló ga jù) wà ní 127 tẹ́lẹ̀ (ọ̀lẹ ni mo ṣe, mo gbà). Mo tú wọn ká láàárín 65 sí 105.

Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn nóòtù tó ń dún pọ̀, ló gba àkókò jù. Ìka mẹ́wàá oníkíbọ́ọ̀dù ni mo fi ń ronú, bẹ́ẹ̀ okùn mẹ́fà ni gìtá ní. Mo tún wọn tò bí ọwọ́ onígìtá ṣe lè dì wọ́n mú, mo jẹ́ kí okùn kọ̀ọ̀kan fi bíi mílísẹ́kọ́ńdì 15 tẹ̀lé èyí tó ṣáájú. Ìgbà náà ló tó dún bí ẹni ń fọwọ́ ta á.



Ó ku fífi ìka yọ̀ láti nóòtù kan sí òmíràn bíi ti onígìtá jùjú. Ayédèrú ló ṣì ń dún. Àbúrò mi kan ń bọ̀ láti Ìsánlú ní Sátidé, gìtá gidi ni yóò fi ta ibẹ̀. Ẹ ṣé é o.