Píkọ́ọ̀pù ń gbọ̀n tó bá dúró níbi iná pupa: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò?

Ará Houston: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Píkọ́ọ̀pù mi, V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) ti 2008, ń dààmú mi. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ti dúró níbi iná pupa, slow rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí nígbà tí ọkọ̀ dúró, ò ní dúró sójú kan: abẹ́rẹ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á máa lọ sókè sódò láàárín 500 sí 1,000, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Iná check engine ti tàn. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, owó yẹn ò sì sí lọ́wọ́. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Mẹkáníìkì Dallas: Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Iná yẹn, ṣé ó kàn tàn sílẹ̀ ni, àbí ó ń ṣẹ́jú? Tó bá ń ṣẹ́jú, má gbé ọkọ̀ náà rìn mọ́, torí epo tí sílíńdà ò jó ń lọ ba catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, jẹ́, owó ìyẹn sì ju ti púlọ́ọ̀gì lọ fíìfíì. Tí kò bá ṣẹ́jú, lọ sí AutoZone kí wọ́n bá ẹ ka kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ará Houston: Kò ṣẹ́jú, sà. P0171 àti P0174 ló jáde.

Mẹkáníìkì Dallas: Kọ́ìlì kọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ kọ́ìlì ni, P0301 sí P0308 la ó máa retí, nọ́ńbà tó kẹ́yìn á sì sọ sílíńdà tó ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Tìẹ ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ ní apá méjèèjì ẹ́ńjìnì. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbi tí sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, ò ti rí i, tàbí MAF ti dọ̀tí tó ń ka iye tó dín sí èyí tó wọlé, tàbí kí epo má tó.

Ra scanner kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí o wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń bù lé tàbí bù kúrò. Kà á lórí slow, lẹ́yìn náà tẹ iná dé 2,500 RPM kí o tún un kà. Tó bá ga lórí slow, tó wá já wálẹ̀ sí ìtòsí òdo ní 2,500, ihò ló wà níbì kan. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń fà lórí slow, nítorí náà ihò kékeré á da nǹkan rú. Tó bá ń sáré, ihò yẹn ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Tí kò bá já wálẹ̀, wo MAF, fílítà epo àti pọ́ǹpù.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì mọ́tò epo bẹntiróòlù mi, látìgbà náà slow ò gún mọ́. Iná check engine ti tàn, MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ti ìjọba níbí, sì ti ń bọ̀.

Mẹkáníìkì Dallas: Ìyá Ìbejì, throttle body, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n wò. Ó ṣeé ṣe kó ti dọ̀tí tipẹ́, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ́ bó ṣe máa fara dà á. Bí wọ́n ṣe yọ bátìrì, kọ̀ǹpútà gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́. Kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì ṣe idle relearn, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà tún slow kọ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí láti May 2018, iná yẹn nìkan tó kí ọkọ̀ fìdí rẹmi ní MOT.

Ará Houston: Sà, fuel trim jẹ́ 22% lórí slow, 3% ní 2,500 RPM.

Mẹkáníìkì Dallas: Ihò ni! Wá họ́ọ̀sì PCV, èyí tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnì padà síbi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Ibi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́ ni òróró ẹ́ńjìnì ti máa ń mú kí rọ́bà náà rọ̀, abẹ́ ló sì máa ń ya sí, ojú ò lè rí i lókè. Pa ẹ́ńjìnì, fi ìka tọ́ abẹ́ rẹ̀ wò. Má fọ́n brake cleaner sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná láti fi wá ihò o, iná lè sọ. Tí o ò bá rí i, sanwó smoke test, kí wọ́n fi èéfín wá ibi tó ti ń jò.

Ará Houston: Abẹ́ họ́ọ̀sì náà ti ya, ìka mi wọ inú rẹ̀! Mo ti pààrọ̀ rẹ̀, slow ti dúró sórí 650. Ọlọ́run á bùkún yín, sà. Ṣé kí n pa kóòdù rẹ́ kí n lọ ṣe àyẹ̀wò èéfín lọ́la?

Mẹkáníìkì Dallas: Àmín. Pa á rẹ́, àmọ́ má lọ lọ́la. Tí o bá pa kóòdù rẹ́, kọ̀ǹpútà á tún àyẹ̀wò tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn aláyẹ̀wò Harris County tí Houston wà ò sì ní gbà á bí kò bá tíì parí. Gbé e ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, àárín ìgboro àti ọ̀nà márosẹ̀, kí o wo readiness (bóyá àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà ti parí) lórí scanner rẹ kó tó di pé o lọ.