Bàìpáàsì iṣan ẹsẹ̀: kí ló ń jẹ́ kó pẹ́, kí ló ń jẹ́ kó tètè dí?

Ọmọ Ìjẹdẹ: Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ bàbá wa ti dí láti itan dé orúnkún, ọmọ ìka kan sì ti ń dúdú. Bàìpáàsì ni dókítà fẹ́ ṣe, ìyẹn ni pé kí wọ́n la ọ̀nà tuntun tí ẹ̀jẹ̀ á gbà yí ibi tó dí kọjá. Bàbá ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń mu sìgá. Kí la lè ṣe tí iṣẹ́ abẹ yìí ò fi ní já sí asán?

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó: Ẹ bi dókítà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀nà tuntun náà. Iṣan àbọ̀ gígùn (èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn) tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá fúnra wọn ló dáa jù, pàápàá tó bá máa kọjá orúnkún lọ sísàlẹ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn fífẹ̀ rẹ̀ ṣáájú. Èyí tí ò bá tó mìlímítà 3 máa ń tètè dí. Kí iṣan yìí má bàa bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa omi sí iṣan ẹsẹ̀ wọn báyìí. Rọ́bà àtọwọ́dá náà wà, ó wúlò lókè orúnkún, àmọ́ bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, yíyọ ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́.

Ohun kejì ni ìsàlẹ̀. Bí àwọn iṣan kéékèèké tó lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti dí tán, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi gbà, kò sí bí wọ́n ṣe lè rán an tó, á dí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yàwòrán láti ikùn dé ọrùn ẹsẹ̀.

Bọ̀dá Òwútù: Sìgá yẹn ńkọ́? Ewu kí ọ̀nà tuntun dí fún ẹni tó ń fà á lọ tó ìlọ́po 3 ti ẹni tó jáwọ́. Áàsìpíríìn àti statin (oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù) sì rèé, oògùn ojoojúmọ́ ni. Ara yíyá ò ní ká dá a dúró.

Ọmọ Ìjẹdẹ: Ẹ ṣé gan-an. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìgbógbó: Èyí tó bá dí láàárín oṣù kìíní, ó sábà jẹ́ pé ó lọ́ tàbí ibi tí wọ́n ti so ó ni. Látìgbà náà sí ọdún 2, ara inú iṣan ló máa ń nípọn níbi ìsopọ̀, kò sì ní dùn wọ́n rárá títí á fi fẹ́ dí pátápátá. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù 1, 3, 6 àti 12. Ẹ má pa ọ̀kan jẹ. Ẹsẹ̀ á wú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ṣàdédé tutù, tó funfun, tó kú tipiri, ẹ má fi omi gbígbóná jó o o! Ẹ pe dókítà, kẹ́ ẹ sì gbéra lójú ẹsẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí 6 lẹ ní kí ẹsẹ̀ tó bàjẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 sì lè jẹ 2 nínú ẹ̀.