Wíwo àwọn ẹranko òkun ní Galápagos: oṣù wo ni ó yẹ ẹni tí kò mọ omi í wẹ̀ dáadáa?

Adérónkẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbèrò láti lọ sí àwọn erékùṣù Galápagos, tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Ecuador, tí ó sì jìnnà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí etíkun orílẹ̀-èdè náà. Nítorí àwọn ẹ̀dá inú òkun ni a ṣe fẹ́ lọ: a fẹ́ da ojú bo omi, kí a fi ọ̀pá ìmí sí ẹnu, kí a sì máa wo kìnnìún òkun, àwùn òkun, ẹja ekurá àti àwọn alángbá tí a gbọ́ pé wọ́n ń mòòkùn níbẹ̀. Ọ̀mùwẹ̀ ni àbúrò mi. Ní tèmi, mo lè léfòó, mo sì lè wẹ̀ díẹ̀ níbi tí omi bá ti dákẹ́, ṣùgbọ́n àyà mi máa ń já bí ẹsẹ̀ mi kò bá kan ilẹ̀.

Oṣù tí ó yẹ kí a lọ ni ó kọ́kọ́ rú mi lójú, nítorí bí àwọn kan ṣe ń yin Oṣù Kẹta ni àwọn mìíràn ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí kò bá lọ ní Oṣù Kẹsàn-án kò tíì rí nǹkan kan. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ẹranko kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí n bẹ̀rù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó ti le, kí ó sọ ọ́.

Olùkọ́ Àyìnlá

Arábìnrin Adérónkẹ́, òótọ́ ni tọ̀tún tòsì wọn ń sọ, ohun tí oníkálukú ń wá ni ó yàtọ̀. Ìlà agbedeméjì ayé gba àárín àwọn erékùṣù wọ̀nyí kọjá, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé omi ibẹ̀ yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́ yípo ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣàn omi Humboldt ń gbé omi tútù bọ̀ láti ìhà Chile àti Peru, ìṣàn omi mìíràn tí wọ́n ń pè ní Cromwell sì ń gba abẹ́ òkun bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, títí yóò fi kọlu ìdí erékùṣù Fernandina àti Isabela, tí yóò sì ru gòkè. Omi tí ó ti ìsàlẹ̀ wá yìí tutù, ó sì kún fún èròjà tí àwọn ewéko òkun fi ń dàgbà. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi a pọ̀ sí i, ẹja a tọ̀ wọ́n wá, ohun tí ń jẹ ẹja a sì tọ ẹja wá. Omi tútù yìí náà ni ó mú kí pẹ́ńgúìnì lè gbé lórí ìlà agbedeméjì ayé, kò sì sí irú pẹ́ńgúìnì mìíràn lágbàáyé tí ibùgbé rẹ̀ dé ìhà àríwá ìlà náà.

Láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kọkànlá ni omi máa ń tutù jù, tí ó sábà máa ń wà láàárín ìwọ̀n 18 sí 23 ti Celsius, apá ìwọ̀ oòrùn Isabela sì lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Oṣù Kejìlá dé Oṣù Karùn-ún, òjò máa ń rọ̀, oòrùn máa ń ràn, omi lè gbóná tó ìwọ̀n 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú òkun a rọ̀, omi a sì mọ́ gaara. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di yíyàn nìyí, nítorí pé ohun kan náà tí ń bọ́ ẹja ní àsìkò òtútù ni ó ń dí ènìyàn lójú nínú omi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀nà jíjìn lábẹ́ omi yóò fẹ́ràn Oṣù Kẹta. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹranko ní ọ̀pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun yóò fẹ́ràn Oṣù Kẹsàn-án.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé omi tútù ni ó gbé ìgbésí ayé ibẹ̀ ró, kí ó wo àwọn ọdún El Niño, nígbà tí omi gbígbóná máa ń bo ojú òkun, tí omi ìsàlẹ̀ kì í sì í lè ru gòkè bí ó ti yẹ. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1982 sí 1983 pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ pẹ́ńgúìnì, ebi pa alángbá òkun kú, àwọn iyùn alààyè inú òkun tí ó kú kò lóǹkà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 tilẹ̀ fi hàn pé ara àwọn alángbá wọ̀nyí máa ń sún kì ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí gígùn wọn sì lè dín ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ má lọ síbẹ̀ nítorí iyùn, àpáta dúdú ni ẹ ó máa rí. Ní tèmi o, Oṣù Kẹsàn-án ni màá mú.

Màmá Tóyìn

Olùkọ́, ẹ ṣeun fún àlàyé, ṣùgbọ́n ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni ó béèrè ọ̀rọ̀. Mo ti wọ omi Galápagos ní àsìkò méjèèjì, mi ò sì ní gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀pá ìmí nímọ̀ràn Oṣù Kẹsàn-án láéláé. Bí omi tútù bá bá ènìyàn lójijì, èémí rẹ̀ a máa já lé ara wọn, a sì fẹ́ ṣí ẹnu gba afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ni ó wà ní ẹnu rẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá di ìlọ́po méjì. Adérónkẹ́ ọmọ mi, láàárín Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún ni kí ẹ lọ.

Oṣù yòówù kí ẹ lọ, ẹ wọ aṣọ onírọ́bà tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀: èyí tí ó nípọn tó mílímítà 3 tó fún àsìkò ooru, mílímítà 5 ni ti àsìkò òtútù. Yàtọ̀ sí pé ó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ òtútù, afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ wà nínú rọ́bà náà tí ó ń gbé ènìyàn léfòó, débi pé ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ ṣe wàhálà kí ó tó lè rì. Ẹ fi ẹ̀wù amúniléfòó lé e. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹranko kò mọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti yan awò ojú ìwẹ̀, irú èyí tí ó bo imú, tí ó bá yín mu. Ẹ gbé e lé ojú láì fa okùn rẹ̀, ẹ fa afẹ́fẹ́ sí imú díẹ̀: bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú yín tí kò jábọ́, tiyín ni. Irun kan ṣoṣo lábẹ́ etí awò náà tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Itọ́ tí a fi nu inú gíláàsì, tí a sì fi omi ṣàn lóréfèé, kì í jẹ́ kí ó ṣú. Ẹ lọ síbi omi tí kò jìn, kí ẹ máa mí láti inú ọ̀pá náà títí yóò fi mọ́ yín lára, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń fi èémí líle kan fẹ́ omi jáde nínú rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni Concha de Perla, ní ìlú Puerto Villamil ní Isabela. Ọ̀nà onípákó kan gba àárín àwọn igi etí omi lọ síbẹ̀, àpáta yí omi náà ká tí ìgbì kò fi lè dé inú rẹ̀, wọn kì í gba owó, kò sì pọn dandan kí ẹ mú afinimọ̀nà dání. Nígbà mìíràn ẹ ó ní láti dúró kí kìnnìún òkun tí ó sùn dí ọ̀nà pákó náà tó jí. Bí ọkàn yín bá ti balẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Los Túneles, ní Isabela náà. Kicker Rock, ní ìhà erékùṣù San Cristóbal, ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àbúrò yín: àpáta náà lọ tààrà sí ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè kàn, omi sì máa ń ṣàn gan-an ní àlàfo tí ó là á sí méjì.

Kí àbúrò náà má sì gbé ara lé òye rẹ̀ o. Ọ̀mùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Ẹni tí ó bá mí kíákíá léraléra kí ó tó mòòkùn, kí ó lè pẹ́ nísàlẹ̀, lè dákú lábẹ́ omi láìsí àmì kankan tẹ́lẹ̀.

Akin Atukọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ẹja ekurá, èyí tí ẹ sì máa rí jù, tí ṣóńṣó lẹbẹ rẹ̀ funfun, òru ni ó ń ṣọdẹ. Ní ọ̀sán a máa sùn sínú ihò àpáta. Kí ẹ ṣáà má dí ẹnu ihò náà mọ́ ọn. Èyí tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún gan-an ni akọ kìnnìún òkun. Ó tóbi, iwájú orí rẹ̀ yọ gọngọ, ó sì máa ń ṣọ́ apá etíkun kan fún àwọn abo rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ tí ó sì ń gbó, ẹ rọra kúrò níbẹ̀, ẹ má sì wà láàárín òun àti ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan ju eré lọ, wọ́n lè wá wo ojú yín láti inú awò.

Ohun kejì ni àwọn ẹja pẹlẹbẹ tí ẹ̀gún olóró wà ní ìrù wọn, tí wọ́n máa ń bo ara wọn mọ́ inú iyanrìn níbi tí omi kò jìn. Bí ẹ bá ń rìn wọ omi, ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ dípò kí ẹ gbé e sókè. Ìró yín yóò lé wọn lọ.

Òfin ọgbà ìdáàbò bo ẹranko ti Galápagos ni pé kí ènìyàn jìnnà ní mítà 2 sí ẹranko, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó má fún un ní oúnjẹ, kí ó má sì tan iná kámẹ́rà sí i. Ẹranko ni kò mọ òfin yìí. Bí òun bá fúnra rẹ̀ sún mọ́ yín, ẹ kó ọwọ́ jọ mọ́ra, kí ẹ dúró jẹ́ẹ́. Kò sí ẹran ńlá apẹranjẹ ní orí ilẹ̀ ibẹ̀ látijọ́, ọdún 1535 sì ni ìròyìn àkọ́kọ́ wà pé ènìyàn dé ibẹ̀, nígbà tí omi gbé ọkọ̀ bíṣọ́ọ̀bù Tomás de Berlanga lọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù wa kò fi bà wọ́n. Ẹni tí ó bá ń lépa wọn ni kì í rí wọn pẹ́. Àwùn òkun ní láti yọ orí síta kí ó mí, bí ẹ bá sì léfòó sí òkè rẹ̀ gan-an, ẹ ti dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wà.

Ti alángbá òkun le díẹ̀. Nínú gbogbo alángbá ayé, òun nìkan ni ó ń wá oúnjẹ nínú òkun. Ewé tí ó lẹ̀ mọ́ àpáta ni ó ń jẹ, níbi tí ìgbì ti ń fọ́ sí ilẹ̀. Arábìnrin wa kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e débẹ̀. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ kí ẹ wò ó bí ó ṣe ń yá oòrùn, tí ó ń sín iyọ̀ jáde ní imú.

Adérónkẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Màmá, Olùkọ́ àti Ẹ̀gbọ́n Akin. Oṣù Kẹrin ni a fi sí. Ó ku ọ̀rọ̀ kan: ṣé kí a máa gbé inú ọkọ̀ ojú omi ni, tàbí kí a sùn ní ìlú?

Olùkọ́ Àyìnlá

Mo gbà fún Màmá Tóyìn lórí Oṣù Kẹrin. Ẹ sùn ní ìlú, kí ẹ pín ọjọ́ yín sí erékùṣù Santa Cruz àti Isabela, nítorí pé bí omi bá kọ̀ yín ní ọjọ́ kan, ẹ lè sinmi. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni Fernandina, tí ènìyàn kankan kò gbé, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ ni ó sábà máa ń gbé àlejò débẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí ń sáré láti Santa Cruz sí Isabela máa ń gbà tó nǹkan bí wákàtí méjì, ó sì máa ń jó lórí ìgbì; ẹ lo oògùn èébì kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná ní Ecuador. Láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àgbà tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ń san dọ́là 200 láti wọ ọgbà náà, ó ti jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀. Dọ́là 20 mìíràn wà fún káàdì ìrìn àjò tí ẹ ó gbà kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ti pẹ́ńgúìnì kò pọn dandan kí ó di ti Fernandina. Wọ́n máa ń wà ní Bartolomé, tí ọkọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ kan láti Santa Cruz, wọ́n sì tún máa ń wà lórí àpáta Las Tintoreras, ní iwájú Puerto Villamil gan-an.