Èrò àti bàálù kékeré: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó o. Texas níbí ni mo wà, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ni Piper Cherokee oníjókòó mẹ́rin, ohun tí mo sì ti rí ni pé orí ilẹ̀ ni bàálù wa ti ń fara pa jù, kì í ṣe lókè. Èrò tó ń wọlé, èrò tó ń jáde, àwọn ló ń dá gbogbo ọgbẹ́ yẹn sí i lára. Wọn ò burú o, ojú mọ́tò ni wọ́n fi ń wò ó, bẹ́ẹ̀ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe é kó lè fúyẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé gbá.

Ẹni tó bá mọ Cherokee á mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan péré ló ní, ọwọ́ ọ̀tún ló wà, orí apá bàálù lèèyàn sì máa gbà kó tó débẹ̀. Àwọn tó máa jókòó sẹ́yìn á kọ́kọ́ wọlé, páílọ́ọ̀tì á tẹ̀lé wọn, ẹni tó máa jókòó síwájú á wá wọlé kẹ́yìn. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹni yẹn bá ń gun apá bọ̀, èmi ti wà nínú, mi ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Tá a bá dé ibi tá à ń lọ, òun náà ló tún máa kọ́kọ́ jáde, mi ò lè sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á lọ́wọ́ mú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ gbogbo ẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ká tó ṣílẹ̀kùn rárá: ibi tí wọ́n fi nǹkan dúdú lé tí kì í yọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ ibòmíì. Flap, ìyẹn páànù tó ṣeé gbé sókè gbé sísàlẹ̀ lẹ́yìn apá yẹn, tó bá ká sókè pátápátá ó máa ń kọ́, ó lè gbé èèyàn dúró, àmọ́ tó bá wálẹ̀ díẹ̀ péré, á já mọ́ yín lẹ́sẹ̀ lójijì. Mi ò kí ń jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbéra lórí ìjókòó kí n tó fà á sókè kí n sì rí i pé ó ti kọ́.

Àbúrò bàbá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n dé ẹ́ápọ́ọ̀tù tàgbádá tàgbádá. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já, torí ọ̀pá tá a fi ń fa flap, àárín ìjókòó méjèèjì níwájú ló wà, apá agbádá ò ní ṣàì kọ́ ọ. Mo ní, Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká bọ́ agbádá yìí sẹ́yìn. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀, àwọn tó ti ń wa Peugeot 504 kí wọ́n tó bí mi. Mo ní, Dádì, ẹ mọ ọkọ̀ jù mí lọ, tèmi yìí ló gbẹgẹ́. Ojú wọn rọ̀, wọ́n bọ́ ọ. Mo wá fi ibi tí wọ́n máa dì mú hàn wọ́n, torí ọ̀pọ̀ àgbà, tí wọ́n bá fẹ́ dìde, orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń fà, pílásítíìkì lásán ló sì wà níbẹ̀, sísán ló máa sán. Ẹ má pariwo mọ́ èrò o, ẹni tẹ́rù bá bà, ohun tó bá sún mọ́ ọn ló máa dì mú.

Ẹ̀yin ńkọ́?

—

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Èmi ò kí ń wà á, ọkọ mi ni, ìlú ọba la wà, Cessna 172 ni wọ́n máa ń háyà. Apá tiẹ̀, òkè ló wà, ilẹ̀kùn méjì, wíwọlé ò le, afẹ́fẹ́ ni wàhálà ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn bàálù wá, tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn pẹ́nrẹ́n á já a gbà lọ́wọ́ yín, á gbá a síwájú títí híńjì á fi tẹ̀. Mo fojú mi rí i, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó bá ẹlòmíì wá ló fẹ́ tètè jáde lọ ya fọ́tò, ká tó ní kó di ilẹ̀kùn mú a ti gbọ́ gbàà, ibẹ̀ ni wọ́n fi bàálù yẹn sílẹ̀ sí tí wọ́n wá ọkọ̀ míì wọ̀ lọ sílé. Ọkọ mi máa ń kọjú bàálù sí afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó pa ẹ́ńjìnnì, tí propeller, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù, bá ti dúró pátápátá èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀, màá wá di ilẹ̀kùn mú fáwọn tó kù.

Bẹ́líìtì náà ńkọ́! Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀kùn mọ́ bẹ́líìtì síta, bá a ṣe gbéra báyìí, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbàgbàgbàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, obìnrin yẹn ti ń pe Jésù, ó rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń bọ́. Ọkọ mi fara balẹ̀ yí padà lọ bà. Irin orí bẹ́líìtì yẹn ti họ ọ̀dà ara bàálù dànù. Látìgbà yẹn, èmi ni mò ń ti gbogbo ilẹ̀kùn.

—

Èmi bá wọn ṣiṣẹ́ rí ní Nairobi, ní ẹ́ápọ́ọ̀tù Wilson, ibi tí bàálù Cessna Caravan ti ń kó àlejò lọ sí Maasai Mara, ibi tí wọ́n ti ń lọ wo ẹranko ìgbẹ́. Ìyẹn tóbi ju tiyín lọ, àmọ́ ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn èrò wà, tí gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n rọ́ sẹ́yìn, imú bàálù lè gbé sókè kí ìdí ẹ̀ sì jókòó sílẹ̀. Ọ̀pá kan wà tá a máa ń fi ti ìdí ẹ̀ ká tó kó ẹrù àti èèyàn sí i. Àwọn tó wà lẹ́yìn la máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ̀, kí tiwájú jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn kan máa ń bínú pé àwọn làwọn sanwó jù, a ò dá wọn lóhùn lórí ìyẹn.

—

Ẹni Nairobi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n fi ti fọ́tò kún un. Irin kékeré tó yọ sísàlẹ̀ apá òsì Cherokee, òun ló ń jẹ́ ká mọ eré tá à ń sá, tọ́mọdé bá fà á tó tẹ̀, irọ́ ni agogo iwájú wa á máa pa. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń ya fọ́tò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi tíṣù gbígbẹ nu fèrèsé fún yín, kì í ṣe gíláàsì, gbogbo ẹ̀ ló máa họ.